Ìdákẹ́jẹ́ Ni Yankari Nílò, Kì í Ṣe Ọgbà Wáyà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín kọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nínú èyí tó ti rọ ìjọba pé kí wọ́n fi wáyà yí Yankari, igbó ọba tí àwọn ẹranko ń gbé ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ká pátápátá, kí wọ́n sì kọ́ òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́fà àti gbọ̀ngàn ijó sí ẹ̀bá ìsun omi Wikki, kí èèyàn lè máa rọ́ wá síbẹ̀. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé ire ló ń wá fún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé ní Bauchi, ogún nínú rẹ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, mo sì lo ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù kẹjọ tó kọjá nínú igbó ẹranko kan ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí kò sí ọgbà kankan láàrin ibùsùn mi àti kìnnìún. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Johannesburg ló san owó ìrìn-àjò náà fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìntì, nítorí pé owó irú ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí olùkọ́ lè dá san. Igbó aládàáni ni, ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn igbó ọba Kruger, ní agbègbè tí àwọn igbó aládàáni bíi Sabi Sand, Timbavati àti Klaserie wà. Kruger fúnra rẹ̀ ti di igbó ọba láti 1926, ó sì fẹ̀ débi pé Yankari mẹ́jọ yóò wọ inú rẹ̀ tí ààyè yóò tún ṣẹ́kù. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè fi ọkọ̀ ara rẹ̀ wọlé, kò kàn gbọdọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan lórí ọ̀dà, ó sì gbọ́dọ̀ ti wọ àgọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ti àwọn aládàáni, ọkọ̀ tiwọn nìkan ló ń rìn, àlejò kò pọ̀, wọ́n lè yà kúrò lójú ọ̀nà tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ ẹranko, wọ́n sì lè jáde lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọgbà gan-an ló yẹ ká tú palẹ̀ ná. Nǹkan bí ọdún 1961 ni wọ́n ta wáyà sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn Kruger, nítorí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu tó ń mú màlúù, kí ẹran inú igbó má baà kó o ran ẹran ọ̀sìn. Lójú ẹni tó ń sin màlúù, èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní wildebeest, tí iwájú rẹ̀ jọ ti ẹfọ̀n tó sì ní irùngbọ̀n bí òbúkọ, tó ti jẹ́ àṣà agbo rẹ̀ láti ayébáyé pé kó máa tẹ̀ lé omi lọ sí ìwọ̀-oòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n rìn dé ibi tí wọ́n ń gbà kọjá, wáyà ni wọ́n bá. Omi wà ní òdìkejì, wọn kò sì rí ọ̀nà débẹ̀. Agbo ńlá náà dínkù gidigidi ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó di 1993 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ká wáyà tó wà láàrin Kruger àti àwọn igbó aládàáni kúrò. Lónìí, erin tó mu omi láàárọ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba lè máa jẹ ewé lọ́sàn-án lórí ilẹ̀ aládàáni, kò sì sẹ́ni tó lè pè é ní tòun.

Mi ò ní bo apá kan ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀: ọgbà ṣì wà ní ìhà ibi tí abúlé àti oko àwọn èèyàn wà. Èyí tó la igbó sí méjì ni wọ́n ká kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n máa ń kan ilẹ̀kùn wa. Ìgbà òtútù àti ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù kẹjọ lọ́hùn-ún. Koríko ti gbẹ, ewé ti rẹ̀ dànù, ojú ń ríran jìnnà, àwọn ẹranko sì ń kóra jọ sí ìwọ̀nba ibi tí omi ṣẹ́kù sí. Èèyàn mẹ́fà péré ni àwa àlejò inú ọkọ̀ wa tí kò ní òrùlé. Afinimọ̀nà tó ń wa ọkọ̀ gbé ìbọn rẹ̀ síwájú. Níwájú pátápátá, lórí àga kékeré kan tí wọ́n fi irin dè mọ́ imú ọkọ̀, ni atọpasẹ̀ jókòó sí, bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Tsonga, tí wọ́n bí sí abúlé tó wà nítòsí igbó náà. Ọ̀rọ̀ tó bá wa sọ láàrin ọjọ́ mẹ́ta kò lè kún ojú ewé kan, síbẹ̀ òun ni mo kẹ́kọ̀ọ́ jù lọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó na ọwọ́ sókè, ọkọ̀ dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó lóṣòó ti ipa ẹsẹ̀ kan nínú iyanrìn, ó sì fi ọwọ́ pè mí. Ipa ẹsẹ̀ erin ni, ó fẹ̀ tó àwo tí a fi ń gbọ́n gààrí, ìlà wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀ bíi ti àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ó fi ìka hàn mí pé kòkòrò kékeré kan ti gba orí àwọn ìlà náà kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ tò wínníwínní lọ bí ojú abẹ́rẹ́. Òru ni kòkòrò yẹn máa ń rìn, ó ní; nítorí náà erin ti kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú ìgbẹ́ rẹ̀, ó ní ó ti tutù. Ó padà gun àga rẹ̀, a sì yà wọ inú igbó.

Nígbà tí a rí wọn, afinimọ̀nà pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ariwo ni mo ń retí. Ọdẹ ni bàbá mi ní Kíṣí, inú ìjálá ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ erin, àjànàkú tí í mi igbó kìjikìji. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́kànlá tó jáde wá yìí kò mi ohunkóhun. Ọ̀rá tó nípọn wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ erin bí ìrọ̀rí, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún, nítorí náà ẹran tó wúwo ju ọkọ̀ wa lọ ń kọjá níbi tí mo ti lè fi ọ̀pá kàn án, ohun tí mo sì ń gbọ́ kò ju inú wọn tó ń hó bí ìkòkò orí ààrò àti ẹ̀ka igi tí wọ́n ń ṣẹ́ jẹ. Ìyá àgbà tó ṣáájú wọn dúró. Etí rẹ̀ ti ya jágajàga bí etí aṣọ tó gbó. Ó na ọwọ́jà rẹ̀ sí wa, ó gbóòórùn wa, mo rí irun tó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó sọ ọwọ́jà kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ọmọ kékeré kan ń sáré láàrin ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àjànàkú kọjá “mo rí nǹkan fìrí.” Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè rí erin kó ní òun rí nǹkan fìrí. Ó ṣeé ṣe. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo wọn fi wọ inú igbó, bí ẹni pé ilẹ̀ lanu gbé wọn.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òfin ibẹ̀ sì ni: a kì í dìde, a kì í na ọwọ́ jáde, a kì í pariwo. Àwọn ẹranko ti mọ ọkọ̀ sí ohun kan ṣoṣo tí kì í ṣe wọ́n ní ibi, ẹni tó bá dìde dúró ti sọ ara rẹ̀ di èèyàn lójú wọn. Bí ọkọ̀ kan bá rí kìnnìún tàbí ẹkùn, awakọ̀ yóò sọ fún àwọn yòókù lórí rédíò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì sí mẹ́ta péré ló lè dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó kù yóò dúró lókèèrè títí ọ̀kan yóò fi kúrò. Nígbà tí kìnnìún bá sún mọ́ tòsí, atọpasẹ̀ yóò kúrò lórí àga iwájú, yóò wá jókòó sínú ọkọ̀ láàrin wa, láìsọ ohunkóhun.

Lálẹ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dá rìn láti ibi oúnjẹ lọ sí yàrá, ẹ̀ṣọ́ kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ló ń sìn wá lọ. Lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, ìkookò ké lẹ́yìn ilé mi, ohùn tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì ń gòkè lọ títí ó fi já. Ẹ̀rù bà mí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ka Sáàmù. Lóru ọjọ́ kẹta, èmi fúnra mi ni mo ṣí fèrèsé kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

A rí àgbáǹréré méjì pẹ̀lú. Wọ́n ti gé ìwo wọn kúrò kí àwọn olè má baà rí ìdí tí wọn yóò fi pa wọ́n. Ó dùn mí láti rí wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè. Ẹ̀yà àgbáǹréré dúdú tó ń gbé ní Cameroon tó múlé gbè wá kò sí mọ́, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti igbó, ti kéde ní 2011 pé ó ti pa run.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sílé. Yankari náà kò ní ọgbà. Ilẹ̀ tó tó 2,244 kìlómítà níbùú lóòró ni, odò Gaji ń gba àárín rẹ̀ kọjá, omi Wikki sì ń sun níbẹ̀ tọ̀sán-tòru ní ìwọ̀n 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó mọ́ gaara débi pé ènìyàn lè ka òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Agbo erin tó pọ̀ jù lọ tó ṣẹ́kù ní Nàìjíríà ni ó wà níbẹ̀, bí a bá sì yọ Kainji kúrò, kò sí igbó mìíràn lórílẹ̀-èdè yìí tí a ti lè ní ìrètí pé kìnnìún ṣì ń gbé. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn sọ pé kò sí ohun tí a ń rí ní Yankari mọ́. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí nípa ìyẹn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi Àjíǹde. Bọ́ọ̀sì méjì ni a kún. Láti Dindima ni a ti ń lu ìlù, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí a gbé dání kò sì dákẹ́ nígbà tí a wọ inú igbó. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, a bá erin bí ogún ní etí odò Gaji, wọ́n ń mu omi. Inú àwọn ará wa dùn, wọ́n hó yèè, awakọ̀ kan sì fun fèrè ọkọ̀ kí àwọn erin náà lè kọjú sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Wọ́n kọjú sí wa lóòótọ́. Àwọn ìyá ti àwọn ọmọ wọn sáàárín, gbogbo wọn sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí wọn nìkan ni a rí títí wọ́n fi wọ igbó lọ. Ní ọ̀nà ilé, ohun tí mo ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì ni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi náà wà lára wọn, mi ò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ bàbá mi tí ó fi ogójì ọdún ṣọdẹ kì í wúkọ́ nínú igbó.

Bí a bá wá kọ́ gbọ̀ngàn ijó sí ẹ̀bá Wikki, kí ni àlejò yóò rí níbẹ̀ tí kò sí ní Wuse ní Abuja tàbí ní Jos? Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń gun ọkọ̀ òfuurufú wákàtí méjìlá láti Yúróòpù wá rà lọ́wọ́ àwọn onígbó ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì ń san owó gọbọi lé e lórí nítorí pé àlejò kò pọ̀ níbẹ̀.

Ní ti wáyà, kí ẹni tó ń rò ó rántí pé wáyà ọgbà wà lára ohun tí àwọn olè igbó ń gé fi ṣe okùn pańpẹ́. A ó ti ọwọ́ ara wa pèsè irin iṣẹ́ fún wọn. Ohun tó ń dáàbò bo Yankari ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ín lójoojúmọ́. Láti 2014 tí Wildlife Conservation Society, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, ti ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi bójú tó ibẹ̀, pípa erin ti dínkù gan-an, wọ́n ti so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn àwọn kan nínú àwọn erin kí wọ́n lè mọ ibi tí agbo wà, àwọn ọ̀dọ́ abúlé tó yí igbó ká sì ń ṣọ́ erin tó bá ń lọ sí oko kí wọ́n lè dá a padà. Owó tí a fẹ́ fi ra wáyà, ẹ jẹ́ kí a fi san owó oṣù irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lásìkò, kí a fi ra bàtà àti rédíò fún wọn, kí a sì wá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹranko, kí wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀ àlejò bíi ti bàbá Tsonga yẹn.

Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ kan ní Duguri, ní Pali tàbí ní Gwana, nítòsí igbó náà, lè bi mí pé ṣé èmi ni mo máa ro oko òun padà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo kọ́ àwọn ọmọ tó wá láti apá ibẹ̀, mo sì mọ ọ̀kan tí kò padà sí ilé-ìwé ní sáà kejì nítorí pé òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni erin fi jẹ oko ọkà bàbà tí wọn ìbá tà san owó rẹ̀. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, níbi tí oko ti fẹnu ko igbó, mi ò lòdì sí ìdènà. Ìyàtọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Ó sì yẹ kí owó tí àlejò ń san máa dé ọwọ́ àgbẹ̀ náà. Ní Kenya, àwọn Maasai tó ni ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ igbó ọba Maasai Mara ń gba owó ìyálò ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àgọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ń fi ààyè sílẹ̀ fún kìnnìún àti erin lórí ilẹ̀ tí wọn ìbá ti pín fún oko. Ẹni tí erin ń mú owó wá fún yóò jí lóru láti ṣọ́ ọ.

Àwọn kan yóò ní mo rìnrìn-àjò lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ sọ Bauchi di Gúúsù Áfíríkà. Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ló bí Yankari. Ní 1953, Alhaji Muhammadu Ngeleruma, tó jẹ́ mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn ní ilẹ̀ Àríwá nígbà náà, rí igbó ẹranko kan ní Sudan nígbà tó rìnrìn-àjò lọ sí apá Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó sì padà wá dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ sílé. Ní oṣù kejìlá 1962, wọ́n ṣí Yankari fún àlejò. Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan lọ wo ti ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kí agbo erin tí à ń jiyàn lé lórí yìí ti tán.

Olóòtú wa, mo bẹ̀ yín, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹ yọ̀ǹda ojú ewé kan fún bí èèyàn ṣe ń wo ẹranko nínú igbó, kí àwọn Yorùbá tó wà ní Abuja, Jos, Kaduna àti Kano lè kà á kí wọ́n tó gbéra. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin ni ojú máa ń ríran dáadáa ní Yankari. Kí wọ́n béèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí wọ́n tó jáde nílé. Kí wọ́n má fún àwọn ìnàkí tó wà ní àgọ́ Wikki ní oúnjẹ, nítorí wọ́n ti kọ́ láti máa já àpò gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ní tèmi, èmi àti mẹ́wàá nínú àwọn tí mo kọ́ ní ilé-ìwé ti fi ìpàdé sí oṣù kejì. Ọkọ̀ méjì péré ni a ó gbé. Mo ti sọ fún wọn pé ní géètì Mainamaji ni oníkálukú yóò ti pa fóònù rẹ̀, a ó jókòó sínú ọkọ̀ nítòsí odò Gaji láti ìdájí láìsọ̀rọ̀, títí àwọn erin yóò fi wá mu omi tàbí títí oòrùn yóò fi lé wa padà sí àgọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì,
Bauchi.